Corolla 2005, Sàngó sí Ìkẹjà: ibo lepo ń gbà lọ?

Olùkọ́ kan ló kọ̀wé láti Sàngó-Ọ̀tà. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Corolla 2005 ni mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì. Owó oṣù mi ò kúrò lójú kan, epo sì ti fẹ́ gba ìdajì rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra oògùn kan tí wọ́n ń dà sínú táńkì. Ọkọ mi ní kí n má tan AC mọ́. Awakọ̀ kan ládùúgbò ní kí n máa fi ọkọ̀ sí fìríì tí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríìjì. Èwo nínú wọn ló máa jẹ́ kí epo mi pẹ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Kí n tó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóhùn, èmi náà ní ìbéèrè kan: kìlómítà mélòó ni lítà kan ń gbé yín? Nínú àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé "ó ń mu epo", agbára káká ni mo fi ń rí ẹni tó lè dáhùn. Iye owó tí wọ́n ná ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Owó ò sì lè sọ bóyá ọkọ̀ lẹ́bi. Kí ó tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà kan ò tó ₦200. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ọkọ̀ tí kò yí padà rárá, tó ń mu iye tó ń mu látẹ̀yìnwá, ti di ìlọ́po márùn-ún lápò ẹni tó ni ín, kò sì sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnì rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé epo ti ń ṣòfò nínú wọn tipẹ́, epo pọ́ọ́kú ni kò jẹ́ kí ẹni tó ni wọ́n mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mọ èyí tí tiyín jẹ́ kí ẹ tó náwó sí ohunkóhun.

Ẹ lọ sí ilé epo tí ọkàn yín balẹ̀ sí, kí wọ́n kún táńkì títí pọ́ǹpù á fi gé fúnra rẹ̀, kí ọmọ ilé epo má sì fi ẹyọ kan lé e mọ́. Ẹ tẹ tírípù ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà sí òdo. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ bí ẹ ṣe máa ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ padà sí pọ́ǹpù kan náà, kí wọ́n tún kún un. Ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí tírípù kà. Ká ní ó ka 252, tí lítà 36 sì wọlé, kìlómítà 7 ni lítà kan gbé yín. Irú Corolla yín, ẹ́ńjìnì 1.8 pẹ̀lú jíà ọtọmátíìkì, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà wọn tirẹ̀, ìgboro àti ojú ọ̀nà márosẹ̀ papọ̀, ó sún mọ́ kìlómítà 12. Ẹni tó bá ń gba Abúlé-Ẹ̀gbá kọjá láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ retí 12. Tí tiyín bá wà láàárín 8 sí 10, ọkọ̀ ò ṣàìsàn, ọ̀nà ló ń ṣe yín. Tó bá dín sí 8, nǹkan kan ń jẹ epo yín nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà rèé ní náírà. Sàngó sí Ìkẹjà tó nǹkan bíi kìlómítà 25, àlọ àtàbọ̀ ọjọ́ márùn-ún sì jẹ́ 250. Ẹni tó ń rí kìlómítà 7 lórí lítà kan máa ra bíi lítà 36 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń rí 10 máa ra 25. Tí a bá fi ₦1,000 ṣírò kó lè rọrùn, ₦11,000 ló wà láàárín àwọn méjèèjì lọ́sẹ̀ kan, ó lé ní ₦40,000 lóṣù. Owó yẹn la fẹ́ wá rí.

Ọ̀rọ̀ mítà ilé epo náà ò ṣeé fò. Táńkì Corolla yín, lítà 50 ni wọ́n ṣe é láti gbà. Tí a bá ka ọrùn rẹ̀ mọ́ ọn, ó lè fi díẹ̀ lé. Tí ilé epo kan bá ní òun da 58 sí i, ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà wá ibòmíràn.

Ibi tí màá ti kọ́kọ́ wo ọkọ̀ yín ni tẹ́mọ́sítáàtì, nítorí mo mọ ohun tí àwa mẹkáníìkì ń ṣe. Ohun kékeré kan ni, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí omi ń gbà láàárín ẹ́ńjìnì àti rédíétọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ṣì tutù, ó máa tì, kí omi inú ẹ́ńjìnì lè tètè gbóná. Tí omi bá dé nǹkan bíi 82°C nínú Corolla, ó máa ṣí, omi á wá lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ tirẹ̀ sọnù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú ló nílò rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ní tòótọ́: tí tẹ́mọ́sítáàtì tó ti gbó bá tì tí kò ṣí mọ́, ọkọ̀ á hó, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, oníbàárà á padà wá jà. Wọ́n á bá yọ ọ́, wọ́n á tún so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí láti ìgbà tí ẹ bá ti tan ọkọ̀ títí ẹ fi máa pa á. Lóòótọ́, ọkọ̀ ò ní hó mọ́. Kò sì ní gbóná dé ibi tó yẹ mọ́ láé.

Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ka ìgbóná omi yẹn. Bí omi bá ṣì tutù lójú rẹ̀, ó gbà pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀ ni, ó sì ń fi epo lé èyí tó yẹ kí ẹ́ńjìnì gbà. Ẹ lè wakọ̀ láti Sàngó dé Ìkẹjà kó ṣì máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ẹ lè mọ̀ láì tú nǹkan kan. Ẹ wo ọwọ́ géèjì ìgbóná. Nínú ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá, ó máa gòkè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á dúró nísàlẹ̀ àárín díẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀nà dí tàbí ó dá. Tí tiyín bá ń gòkè nígbà tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó tún ń wálẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá ṣí tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí rédíétọ̀, wọ́n ti yọ ọ́, tàbí kó ti bàjẹ́ ní ṣíṣí. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ yẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò, kóòdù P0128 ló sábà máa ń gbé jáde.

Tí ẹ bá ra òmíràn, ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín kí wọ́n tó dè é. Ìkòkò omi kan lórí sítóòfù ló ń gbà. Wọ́n á so ó mọ́ okùn, wọ́n á rì í sínú omi láì jẹ́ kó kan ìdí ìkòkò. Omi á máa gbóná, kò ní mira. Nígbà tí omi bá ti ń kùn tí kò tíì hó, ẹ máa rí i tí àárín rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ti awo kékeré ẹnu rẹ̀ kúrò lójú ihò, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi máa ṣí gbàgà. Èyí tí omi bá hó tí kò ṣí, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kúláǹtì ni kí wọ́n dà sí rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga, kí fáànù náà sì padà sí bí Toyota ṣe so ó. Tí mẹkáníìkì bá ní ọkọ̀ á hó, ẹ ní kó yẹ rédíétọ̀ àti fáànù wò. Ọkọ̀ tí àwọn méjèèjì dára lára rẹ̀ kì í hó nítorí pé ó ní tẹ́mọ́sítáàtì tó pé.

Èkejì ni iná ẹ́ńjìnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Tó bá ń tàn, ẹ má fi iṣẹ́ bojú fún un. Tí kò bá sì tàn rí, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON láì tíì ta ẹ́ńjìnì: ó yẹ kí iná náà tàn níbẹ̀, kó tó kú nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ta. Tí kò bá tàn, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kó lè rí ọkọ̀ tà fún yín. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n wá níbẹ̀ ni ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀, èyí tó wà lára páìpù èéfín, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo tó ń wọlé pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Tó bá ti kú, kọ̀ǹpútà ń se ọbẹ̀ láì tọ́ ọ wò, epo ló sì máa ń dà lé e. Nínú ìmọ̀ràn tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún awakọ̀, wọ́n ní títún ọ́síjìn sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ ṣe lè mú kí epo gbé ọkọ̀ jìnnà sí i dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú gbogbo àtúnṣe ọkọ̀ tí mo kọ síbí, kò sí èyí tó lè tó ìyẹn. Ẹ tún ní kí wọ́n bojú wo abẹ́ ọkọ̀: àwọn kan ti gé kátálísíìtì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù, tà, iná yẹn á wá máa tàn lójoojúmọ́, ẹ ò sì ní mọ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́.

Àwọn tó kù kéré. Fíltà atẹ́gùn tó dọ̀tí ò mú kí ọkọ̀ oní-ínjẹ́kítọ̀ bíi tiyín, tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, mu epo tó bí a ṣe ń pariwo rẹ̀, agbára ló ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí eruku, ẹ má retí owó níbẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: 5W-30 ni Toyota kọ fún ọkọ̀ yín, 20W-50 tó ki ni wọ́n sì ń dà sínú gbogbo ọkọ̀ níbí. Èyí tó yẹ ẹ́ńjìnì lè dá ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún padà fún yín. Tí ẹ́ńjìnì bá ti ń jẹ ọ́ìlì, ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ọkọ̀ náà pinnu. Ní ti táyà, géèjì tó yẹ wà lára páálí tó lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn awakọ̀, 30 sí 32 ló sábà máa ń jẹ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó fi 10 dín sí iye yẹn lè jẹ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún epo yín, ó sì lè bẹ́ lójú ọ̀nà, èyí tó burú ju owó epo lọ. Tí fọkanáísà bá ní kí òun fi 40 sí i kó lè pẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́.

Bíréèkì tó ń há, ẹ lè mọ̀ ọ́n fúnra yín. Tí ẹ bá dé ilé lẹ́yìn ibi tí ọ̀nà ti dá díẹ̀, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan láì fara kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ìkejì rẹ̀ lọ ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn, bíréèkì rẹ̀ ò yọ tán. Ẹ̀ ń tẹ iná, ó ń tẹ bíréèkì, gbogbo ọjọ́ náà.

Ó wá kan ọwọ́ tí ẹ fi ń wakọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, epo tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ló ń di ooru lára páàdì. Bí a ṣe ń wakọ̀ láàárín Kọ́lá àti Ìyànà-Ìpájà nìyí: ọkọ̀ iwájú sún, a tẹ iná tagbára-tagbára, a sáré gba àyè ọkọ̀ mẹ́ta, a tẹ bíréèkì. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí a fi dé iṣẹ́, a sì dé ní àkókò kan náà tí ẹni tó ń wọ́ bọ̀ dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú. Ọkọ̀ ọtọmátíìkì máa ń wọ́ lọ fúnra rẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ jẹ́ kó wọ́, kó jẹ́ pé kí ẹ tó bá ti iwájú, ó ti tún sún. Dánfó máa já wọ àyè yẹn. Ẹ jẹ́ kó já wọ ọ́, òun náà ò ní jìnnà. Nígbà tí ọ̀nà bá sì dá, bí ọjọ́ Àìkú ní ìdájí, 80 ti tó. Ohun tí atẹ́gùn fi ń ti ọkọ̀ padà lórí 120 ju ìlọ́po méjì ti orí 80 lọ.

Ẹ́ńjìnì bíi tiyín tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan máa ń jó bíi lítà kan ní wákàtí, tí AC bá wà ní títàn ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dúró fún wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan nírọ̀lẹ́ ti jó nǹkan bíi lítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ láì kúrò lójú kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ará Ọ̀tà pé wákàtí tí wọ́n ń jáde ṣe pàtàkì ju irú ọkọ̀ tí wọ́n ń wà lọ. Tí ilé ìwé bá lè gbà yín láàyè láti dé ṣáájú aago mẹ́fà àbọ̀, kí ẹ ṣàmì ìwé àwọn ọmọ níbẹ̀ dípò ilé, ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì tún wọn epo. Tí ọ̀nà bá dí pátápátá tí gbogbo ayé ti sọ̀ kalẹ̀ tí wọ́n ń ra gààrí, ẹ pa ẹ́ńjìnì. Tí bátìrì yín bá ti ń ṣàárẹ̀, ẹ má ṣe é, nítorí owó tí àwọn tó máa tì yín máa gbà ju ti epo lọ.

Ọ̀rọ̀ fìríì: awakọ̀ yẹn ò purọ́, ayé Peugeot 504 ló ń bá yín sọ. Nígbà tí kábúrétọ̀ wà, fìríì máa ń dín epo kù díẹ̀. Ọkọ̀ oní-ínjẹ́kítọ̀ yàtọ̀. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí jíà ṣì wà ní D, tí ọkọ̀ sì ń sáré bọ̀ láti orí bíríìjì Abúlé-Ẹ̀gbá, kọ̀ǹpútà á gé epo pátápátá. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnì. Tí ẹ bá fi sí fìríì, ó ní láti da epo sí i kí ẹ́ńjìnì má bàa kú. Ẹ̀ ń náwó láti fi ìjánu ẹ́ńjìnì sílẹ̀, bíréèkì nìkan ló wá kù tó ń dá ọkọ̀ dúró. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń pa ẹ́ńjìnì pátápátá lórí ìsọ̀kalẹ̀: sítíárìn á le, bíréèkì á le lẹ́yìn títẹ̀ bíi méjì. Ẹ má dán an wò láé.

Ní ti AC, ọkọ yín jàre ní ìgboro. Tí ọkọ̀ ò bá sáré tó 60, ẹ ṣí fèrèsé. Lórí márosẹ̀, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ náà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, AC ò sì ní ṣe yín ní nǹkan gidi níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti wà nínú oòrùn látàárọ̀, ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan kí ooru jáde kí ẹ tó tan án. Àmọ́ mi ò ní sọ pé kí olùkọ́ wọ kíláàsì pẹ̀lú òógùn lára nítorí lítà kan. Ẹ kọ́kọ́ wá ₦40,000 yẹn nínú tẹ́mọ́sítáàtì àti sẹ́ńsọ̀.

Oògùn inú táńkì, ẹ má rà á. Àjọ EPA, tó ń bójú tó àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti yẹ ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún wò, oògùn àti ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń dín epo kù, díẹ̀ bíńtín nínú wọn ló ṣe nǹkan kan, èyí tó sì ṣe é, kò pọ̀. Ẹni tó ń tà á lérè lórí rẹ̀, ìyẹn dá mi lójú.

Ohun kan tí ẹ ò béèrè, tí mo ń rí lójoojúmọ́ láti ìgbà tí epo ti wọ́n: àwọn èèyàn ń ra ₦5,000, ₦5,000, iná epo kì í kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù wọn. Àwọn kan tilẹ̀ sọ pé táńkì tó fúyẹ́ ń dín epo kù. Lítà 25 ò tó kìlógíráàmù 20. Èrò kan ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀, inú táńkì ni pọ́ǹpù epo wà, epo tó yí i ká ló ń mú un tutù. Ẹni tó bá ń fi ìsàlẹ̀ táńkì wakọ̀ nígbà gbogbo, kò ní pẹ́ tó fi máa ra pọ́ǹpù. Ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Èyí tó ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ ni pé kí ọkọ̀ má jáde. Olùkọ́ méjì tó ń gbé Sàngó tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ ara wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdajì owó epo ti lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo láì tú nọ́ọ̀tì kankan. Kí ẹ mọ ara yín dáadáa o, kí ẹ máa gbé èrò tí ẹ bá rí ní ìdí ọ̀nà yàtọ̀, àwọn agbófinró á pè é ní kábúkábú. Reluwé Red Line náà wà, ó ti ń gbé èrò láti oṣù kẹwàá ọdún 2024: ó ń gbéra ní Àgbàdo, ó ń dúró ní Ìkẹjà, ó sì ń lọ dé Oyíngbo. Ẹ wádìí aago tó ń gbéra, kí ẹ fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ dán an wò. Ní ti gáàsì CNG tí ìjọba ń polongo láti 2023, ó dín owó kù lóòótọ́ fún ẹni tó ń rìn jìnnà lójoojúmọ́. Fún ẹni tó ń rin 250 lọ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilé gáàsì wà ní ọ̀nà yín, nítorí wákàtí tí ẹ máa fi tò níbẹ̀ náà jẹ́ owó. Tí ẹ bá ṣe é, kó jẹ́ ní ibi tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ. Sílíńdà tí wélídà kan lẹ̀ pọ̀, ẹ sá fún un.

Ẹ wọn epo ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ yẹ géèjì ìgbóná àti iná ẹ́ńjìnì wò, kí ẹ tún un ṣe, kí ẹ tún wọ̀n. Tó bá ṣì wà lábẹ́ 8 lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n wọn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ mìíràn sórí ọkọ̀ náà. Tí ó bá jẹ́ ríìngì ló ti gbó, ẹ kọ iye tí wọ́n bá rí lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, ká wò ó bóyá ẹ́ńjìnì yẹn ṣì yẹ ní àtúnṣe.